Ọmú, oògùn, oorun: ìfiwéra fún ilé tí abiyamọ rẹ̀ ní bipolar

Ọjọ́ kẹjọ tí àbúrò mi obìnrin bímọ, gbogbo Ìsánlú, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló gbọ́. Kánópì mẹ́ta la ta. Iyán ń lọ, ọbẹ̀ ń bọ̀, àwọn àna wa wá láti Kábà, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti Àbújá náà wọlé. Lóru tó ṣáájú ọjọ́ náà, ìyá ọmọ kò fojú kan oorun. Ó fọ gbogbo ìkòkò, ó to àga, ó ń kọrin. Àwọn àgbà ń kí i, "Okun o, okun o! Abiyamọ tó le nìyí." Èmi náà yìn ín, èmi tí mo mọ̀ pé ó ti ń lo oògùn bipolar, àìsàn ọpọlọ kan, kó tó lóyún. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, a gbé e sínú ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó sì ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ọmọ tó wà lẹ́yìn mi kì í ṣe ọmọ òun, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ti dá oògùn dúró látìgbà tí oyún ti wà ní oṣù karùn-ún. Ẹnì kan níbi tó ti ń gba ìtọ́jú aboyún ló sọ fún un pé oògùn orí àti ọmú kì í gbé inú ilé kan náà.

Ó ti bí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Kí ìyẹn tó dé, a jókòó pẹ̀lú dókítà, a fi ọ̀nà kan wé èkejì, a sì yan. Ohun tí a fi wéra nígbà náà ni mo kó síbí fún ilé mìíràn tó wà lórí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Kò lè gba ipò dókítà yín, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ ìbéèrè tí ẹ óò bi í.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tí a óò kọ́kọ́ dáàbò bò ni oorun ìyá. Oògùn tó mú orí rẹ̀ dúró ló tẹ̀ lé e, ọmú ló wá ṣìkẹta. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń tò ó sódì: ọmú ṣáájú, oògùn di ohun tí a ń fi pa mọ́, kò sì sẹ́ni tó tilẹ̀ rántí oorun.

Kí nìdí tí oorun fi ṣáájú

Ẹni tó ní bipolar máa ń ní ìgbà tí ara rẹ̀ ń gbé e sókè: kò sùn, kò rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, ó ń náwó tí kò ní. Ó sì ní ìgbà tí gbogbo nǹkan á wó lé e lórí, tí kò ní lè dìde lórí ibùsùn. Láàárín méjèèjì, ó lè wà bí gbogbo wa fún oṣù tàbí ọdún. Ní ti ìgbà òkè yẹn, àìsùn kì í ṣe àmì rẹ̀ nìkan. Àìsùn náà lè dá a sílẹ̀. Ta ni kì í sì í sùn bí abiyamọ tuntun?

Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fún un lórúkọ: abísínwín, wèrè tó ń dé lẹ́yìn ìbímọ. Nínú 1,000 obìnrin tó bímọ, ó máa ń ṣe 1 tàbí 2. Nínú àwọn tó ní bipolar, ó sún mọ́ 1 nínú 5. Inú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìsọmọlórúkọ bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà. Àwa ni a ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àlejò lé oorun lọ lójú abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ tó nílò rẹ̀ jù láyé rẹ̀. Fún ọmọ kejì, pásítọ̀ wá láàárọ̀, àwa mẹ́jọ la wà ní pálọ̀, ó parí kí ó tó di aago mẹ́wàá. A ṣe àpèjẹ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta. Àwọn kan bínú. Wọ́n ti gbàgbé báyìí.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ọmọ lè gbà jẹun

| | Ọmú nìkan, tọ̀sán-tòru | Ọmú lọ́sàn-án, ẹlòmíràn lóru | Mílíìkì agolo nìkan |
|---|---|---|---|
| Oorun ìyá | Ó ń já ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ | Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láìjá | Bákan náà, tí ẹlòmíràn bá ń dìde |
| Oògùn | Èyí tó bá ọmú mu nìkan | Èyí tó bá ọmú mu nìkan | Dókítà ní àyè púpọ̀ sí i láti yàn |
| Ìnáwó | Oúnjẹ ìyá | Oúnjẹ ìyá, ife, bóyá agolo díẹ̀ | Agolo lórí agolo, pẹ̀lú gáàsì tàbí igi ìdáná |
| Ohun tó lè bàjẹ́ | Àìsùn | Ọmú wú tàbí ó dín kù. Oyún òjijì | Omi àìmọ́. Mílíìkì tí wọ́n fi omi là jù |

Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń gbà níyànjú fún gbogbo ọmọ, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́yìn ìyẹn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá a jà. Ọmú ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè ṣe ìyá náà lóore: àbúrò mi sọ pé ìgbà tí ọmọ bá ń fà á lọ́mú nìkan ni ọkàn òun máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní bipolar tó sì ń dá dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, bí ẹni ń fi iná ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó gbígbẹ ni lójú tèmi.

Ọ̀nà àárín la yàn. Ó fún ọmọ lọ́mú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó lo oògùn rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi ní yàrá kejì. Ní aago mẹ́ta sí mẹ́rin ìdájí, ó dìde, ọmú ti kún, ọmọ ti ṣetán. Ohun tí ọmọ jẹ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni wàrà tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ fún sínú ife ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Nínú ooru ilẹ̀ wa, wàrà tí a fún síta kò yẹ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí tábìlì. Èyí tó wà nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ dúró lè tó ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ mọ iná wa. Kúlà tí ẹ kó yìnyín sí lè gbé e di ọjọ́ kejì tí yìnyín kò bá tíì yọ́. Ife kékeré àti ṣíbí la lò. Fíìdà ṣòroó fọ̀ mọ́, ife kò ní kọ̀rọ̀ tí kòkòrò ń sá sí.

Ẹ má tan ara yín pé ọ̀nà yìí kò ní ìyà tirẹ̀. Ọmú tí ọmọ kò bá fà, ara á gbà pé wọn kò nílò rẹ̀ mọ́, wàrà á dín kù. Lóru gan-an ni omi ara tó ń pe wàrà máa ń ga jù. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmú rẹ̀ le bí òkúta ní ìdájí. Ó ní láti fún un díẹ̀ kó tó sùn, a sì ń fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e. Ilé tí ìyẹn bá ṣòro fún lè ṣe èyí tí nọ́ọ̀sì kan kọ́ wa: olùrànlọ́wọ́ ló máa ń gbọ́ ẹkún, òun ló máa ń pààrọ̀ ìlédìí, òun ló máa gbé ọmọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó wà ní ìdùbúlẹ̀, á jókòó tì wọ́n títí ọmọ á fi mu tán, á sì gbé e lọ. Oorun ìyá já, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, láìtan iná. Kò tó wákàtí mẹ́fà láìjá. Ó sàn ju kó máa dá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ.

Mílíìkì agolo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń mu SMA tàbí NAN tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, tó mọ ara rẹ̀, kò pàdánù ohun tó tó ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ìlò rẹ̀ nílé wa. Ẹ se omi náà kó hó, kó má ju ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn tó bá hó tán kí ẹ tó bu ìyẹ̀fun sí i, torí ooru omi náà ló ń pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú un tutù fún ọmọ. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dà á nù. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ lò. Tí agolo bá ń tán lọ tí owó kò sì sí, ìyá àgbà a máa fi omi kún un, ọmọ a sì máa gbẹ lójú gbogbo ilé. Tí owó yín kò bá lè gbé agolo fún ọdún kan, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó tó yan oògùn, kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Oògùn: èwo ló bá ọmú mu?

Ibí ni irọ́ pọ̀ sí jù. Kò sí oògùn kan tó ń jẹ́ "oògùn orí". Oríṣiríṣi ni wọ́n, ìwà kálukú wọn nínú wàrà sì yàtọ̀.

Àwọn tó rọrùn jù fún ọmú ni quetiapine àti olanzapine. Ohun tó ń kọjá sínú wàrà kéré gan-an: ti quetiapine kò tó 1 nínú 100 ìwọ̀n tí ìyá lò, ti olanzapine wà láàárín 1 sí 2. Ẹ máa wo ọmọ bóyá ó ń sùn jù tàbí kò fa ọmú dáadáa. Ewu tó tóbi níbẹ̀ wà lára ìyá fúnra rẹ̀: oorun wọn wúwo. Ẹni tó bá lò wọ́n kò gbọdọ̀ bá ìkókó sùn lórí ibùsùn kan náà. Èyí ló tún jẹ́ kí ọ̀nà àárín yẹn bá a mu, torí ẹni tó lo quetiapine ní aago mẹ́sàn-án kò ní gbọ́ ẹkún ọmọ ní aago méjìlá. Haloperidol, tó wà káàkiri tí kò sì wọ́n, kì í wọ wàrà púpọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ga. Chlorpromazine lè mú kí ọmọ máa tòògbé.

Lithium ló le jù láti yàn. Oògùn àtàtà ni fún bipolar, àwọn kan wà tí kò sí ohun mìíràn tó mú wọn dúró. Ṣùgbọ́n ó ń wọ wàrà gan-an: ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdajì ti ìyá. Ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ń lò ó má fọ́mọ lọ́mú. Àwọn dókítà mìíràn máa ń gbà á láyè tí ọmọ bá pé oṣù, tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé, fún lithium náà, fún kíndìnrín àti fún thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn. Ẹ bi ara yín ní òótọ́: ta ni yóò máa gbé ìkókó láti Pọ́nyàn tàbí Ìyàrà lọ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀? Tí ìdáhùn kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ìyá lo lithium rẹ̀ kí ọmọ mu agolo, tàbí kí dókítà pààrọ̀ oògùn kí oyún tó dé. Ẹ má ṣe dá lithium dúró lójijì láti lè fún ọmọ lọ́mú. Ìdádúró òjijì yẹn gan-an ló ń pe àìsàn padà.

Ohun méjì kan wà nípa lithium tí ará ilé gbọ́dọ̀ mọ̀, torí inú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìrora ìbímọ dé, ẹnì kan sáré lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac ní kẹ́mísítì. Méjèèjì ń mú kí lithium ga nínú ẹ̀jẹ̀ títí á fi di májèlé. Paracetamol ni kí ẹ rà. Èkejì ni ààwẹ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú lithium, tàbí tó ń ṣu gbuuru tí kò mu omi, wà nínú ewu kan náà. Àwa tí ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ tó báyìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kábà, kí pásítọ̀ mọ̀ pé abiyamọ yìí kò sí nínú ààwẹ̀, kò sì sí nínú ìṣọ́ òru. Kí wọ́n gbàdúrà fún un lọ́sàn-án. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ọ̀sán náà.

Lamotrigine wà láàárín. Ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ìyá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìṣòro kankan. Tí ara ọmọ bá sú, tàbí mímí rẹ̀ bá yí padà, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń dá dúró jù, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìgbà òkè. Tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n rẹ̀ nígbà oyún, wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù lẹ́yìn ìbí. Ẹ rán wọn létí.

Valproate ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọkọ àti ọkọ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré nínú wàrà, torí náà wọn á sọ fún yín pé ó dára fún ọmú, òótọ́ sì ni. Oyún tó ń bọ̀ ni ìṣòro wà. Bí 1 nínú 10 ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìyá ń lò ó ló ń ní àbùkù ara, 3 sí 4 nínú 10 sì lè pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n tó mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n fún obìnrin tó ṣì lè bímọ. Ẹ wá wo okùn tó so èyí mọ́ ọ̀nà àárín tí mo ń yìn: ọ̀pọ̀ ìyá wa ló gbà pé fífọ́mọ lọ́mú ń dí oyún lọ́nà. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bá ń fà á nìkan, tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù kò tíì padà, tí ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ẹ bá ti yọ òru kúrò, ààbò yẹn ti já. Ẹni tó bá wà lórí valproate gbọ́dọ̀ ti ṣe ìfètòsọ́mọbíbí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn mọ́jú.

Carbamazepine, àwọn oníṣègùn kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ fún ọmú. Àwọn kan gbà á, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á. Ó tún máa ń sọ egbòogi ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró àti èyí tí wọ́n ń fi sápá di aláìlágbára. Tí ojú ọmọ bá ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ lọ. Clozapine kò lọ pẹ̀lú ọmú rárá. Diazepam tí wọ́n bá ń lò lójoojúmọ́ máa ń kó jọ sára ọmọ.

Ọmọ tí kò pé oṣù tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lè lé oògùn jáde dáadáa. Ẹ sọ fún dókítà, kó má ṣe rò pé ọmọ tó pé oṣù ló ń wò.

Oògùn méjì tún wà tí kì í ṣe ti bipolar ṣùgbọ́n tí wọ́n lè fún un láìbéèrè. Tí ẹ bá yan agolo tí wọ́n fẹ́ gbẹ ọmú, ẹ kọ bromocriptine àti cabergoline: wọ́n lè tì í sínú abísínwín. Kí ọmú gbẹ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí wàrà kò bá sì pọ̀, metoclopramide tí àwọn kan fi ń fà á lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Ẹ̀kọ gbígbóná àti kí ọmọ máa fà á léraléra ló sàn. Ẹ má sì po àgbo mọ́ oògùn rẹ̀.

Ta ni yóò gba òru?

Ìyá ọkọ mọ ọmọ tọ́, ṣùgbọ́n yóò fún un ní omi, yóò fún un ní àgbo, yóò sì jí ìyá ọmọ tí ọmọ bá ń sunkún jù. Ìyá tó bí ìyá ọmọ ní sùúrù sí i, àmọ́ àánú ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ kó pa àmì mọ́. Ọkọ wà nílé, kò sì ní padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko tàbí gáréèjì ń dúró dè é lówùúrọ̀. Tèmi ni kí ọkọ gba alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, kí obìnrin kan gba ìyókù. Nígbà tí ọkọ àbúrò mi kọ́kọ́ gbọ́, ó ní, "Àǹtí, èmi ọkùnrin?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń gbé ife lé ọmọ lẹ́nu jù mí lọ.

Ibo ni ká gbé e lọ?

Ẹ yan kí oyún tó pé oṣù méje. Ẹ̀yin Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, Ilé Ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ sún mọ́ yín fún ìbímọ, Ìlọrin ló sì yá yín fún oníṣègùn ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì. Ẹ̀yin Kábà àti Bùnú, Lọ́kọ́ja. Ẹ̀yin Ìjùmú tí ẹ bá Èkìtì pààlà, Adó-Èkìtì lè yá ju méjèèjì lọ. Sẹ́ńtà ìlera àdúgbò yín kò ní oníṣègùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti nọ́ńbà dókítà rẹ̀.

Tí ìyá bá ti sùn díẹ̀ péré fún alẹ́ méjì bí ọmọ tilẹ̀ ń sùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré, tàbí tó ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun tàbí pé ó jẹ́ ẹ̀mí kan, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀nà wa kò ṣeé rìn lóru, nítorí náà tó bá jẹ́ alẹ́ ló dé, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù ni kí ẹ lọ kí wọ́n lè fún un ní ohun tí yóò mú un sùn, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín níbẹ̀. A ti bá dẹ́rẹ́bà kan ní òpópónà wa sọ ọ́ látìgbà tí oyún kejì ti wà ní oṣù mẹ́jọ, a san owó epo ṣáájú, ó sì mọ̀ pé iwájú ni èmi yóò jókòó pẹ̀lú ọmọ, kí ọkọ wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kadà. A kò pè é. Owó epo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi dá wa lápàárá títí di òní.